Láti Orí Táǹkì Dé Ẹnu Ife: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Omi Ẹ̀rọ Ilé Yín Lọ́wọ́ Kòkòrò Àìfojúrí

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà tí wọn kì í mu omi àìsè, síbẹ̀ tí ìgbẹ́ gbuuru kì í dá lára àwọn ọmọ ibẹ̀. Ìyá ní òun ń se omi lójoojúmọ́, bàbá ní òun ti ra fílítà, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń da omi sísè náà sí, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọ inú rẹ̀. Ife kan náà ni gbogbo ilé ń tì bọ omi. Táǹkì òkè kò ní ìdérí gidi, alángbá ń wọlé, ó ń jáde. Ọ̀nà kan ni wọ́n dí, mẹ́ta ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe ni pé ká tọ omi láti ibi tó ti ń wọlé títí dé ibi tí ẹ ti ń gbé e mu, ká máa dí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bá a ṣe ń lọ. Ilé tó ń lo omi ìjọba, tàbí bóòhóòlù tó ń gun orí táǹkì, ni mo kọ ọ́ fún, irú èyí tó kún Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Ẹ má fo ìpele kankan nítorí pé omi yín mọ́ gaara. Omi tó gbé kòkòrò onígbáméjì tàbí ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè mọ́ lójú bí omi òjò.

Àwọn ohun tí ẹ máa nílò

- Bíliìṣì funfun lásán, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Hypo tàbí Jik. Kò gbọdọ̀ ní lọ́fínńdà, kò sì gbọdọ̀ ní ọṣẹ nínú. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "sodium hypochlorite" lára ìgò rẹ̀, kí ẹ sì wo iye tí wọ́n kọ sí i: 3.5% ni, àbí 5%? Iye yìí ló máa sọ bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n.
- Síríǹjì 5 ml tí kò ní abẹ́rẹ́, láti ọ̀dọ̀ kẹ́mísíìtì.
- Búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti gíláàsì tó bo ojú.
- Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn díẹ̀ àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́.
- Ìkòkò tó ní ìdérí, tí ẹ ò fi se ọbẹ̀ rí.
- Ike omi tó ní ìdérí, tó sì ní ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀. Bí kò bá sí, kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró.
- Ìwé pélébé tí wọ́n fi ń wọn kiloríìnì nínú omi, ìyẹn ohun tó ń pa kòkòrò nínú bíliìṣì. Àwọn tó ń ta ohun èlò odò ìlúwẹ̀ẹ́ ní in.

Ìkìlọ̀ kan kí ẹ tó ṣí ìgò bíliìṣì: ẹ má ṣe pò ó mọ́ ásíìdì tàbí oògùn tí ẹ fi ń fọ ṣáláńgá, ẹ má sì ṣe pò ó mọ́ ohun tó ní amóníà. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

Ìpele 1: Ẹ tọ páìpù

Bó bá jẹ́ omi ìjọba, ẹ tọ páìpù láti ojú títì wọlé. Ní àdúgbò púpọ̀, inú gọ́tà ni páìpù yìí gbà kọjá. Ó rì sínú omi dúdú, wọ́n sì fi rọ́bà táyà wé ojú ibi tó ti ya. Nígbà tí omi bá ń fi agbára ṣàn nínú rẹ̀, omi á máa jò síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ti omi pa, tí páìpù ṣófo, ojú yẹn kan náà ni omi gọ́tà máa gbà wọlé. Ìdí nìyí tí omi àkọ́yọ fi máa ń burú jù lẹ́yìn tí ẹ̀rọ kò bá ti yọ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó so ẹ̀rọ ìfami mọ́ páìpù ìjọba tààrà ń mú un burú sí i, torí bí ẹ̀rọ ṣe ń fa omi ló ń fa gọ́tà mọ́ ọn.

Ẹ pe pọ́ńbà kó gbé páìpù náà kúrò nínú gọ́tà, kó pààrọ̀ ibi tó ya dípò kó tún wé e. Ẹ jẹ́ kí omi ìjọba fúnra rẹ̀ ṣàn sínú táǹkì ilẹ̀ kí ẹ tó fi ẹ̀rọ fà á lọ sókè.

Bó bá jẹ́ bóòhóòlù, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí sókàwéè àti ṣáláńgá. Mítà 30 ni a sábà ń sọ pé ó yẹ kó wà láàárín wọn. Ẹ wá wò ó: púlọ́ọ̀tì 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 jẹ́ bíi mítà 18 sí 36. Ẹni tó kọ́lé sórí ìdajì púlọ́ọ̀tì, ìyẹn bíi mítà 18 sí 18, bó gbé bóòhóòlù sí igun kan, tó sì gbé sókàwéè sí igun tó kọjú sí i pátápátá, kò tíì lè pé mítà 30. Ká má tíì sọ ti aládùúgbò tó gbẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri. Bí ilé yín bá rí báyìí, ẹ má ṣe gbà pé omi inú ilẹ̀ yín mọ́ láéláé. Ìpele 5 di dandan fún yín lójoojúmọ́. Ẹ sì rí i pé ẹnu bóòhóòlù yọ sókè ju ilẹ̀ lọ, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yí i ká, kí ìdérí rẹ̀ le.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ bu omi sínú ife gíláàsì, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, omi orí ilẹ̀ ti rí ọ̀nà wọlé níbì kan. Ẹ padà lọ wá ibẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ fọ táǹkì, kí ẹ sì pa kòkòrò inú rẹ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Wọ́n á da bíliìṣì sórí ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, wọ́n á ní àwọn ti fọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ pupa yẹn, tí ìpẹtà inú omi bóòhóòlù wà nínú rẹ̀, ló máa jẹ agbára bíliìṣì náà tán kó tó kan kòkòrò kankan. Fífọ̀ ló ń ṣáájú.

Ọjọ́ méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Ẹ pọn omi tí ẹ ó lò sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ pa sumo, ìyẹn ẹ̀rọ ìfami, kí ẹ sì yọ ọ́ lára iná. Ẹ lo omi inú táǹkì títí tó fi kù díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ wá ti páìpù tó ń lọ sínú ilé.
2. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ dáadáa. Tanwíji ń jó nínú omi? Ẹ̀fọn ń rí ọ̀nà wọlé. Ara táǹkì ní ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́? Oòrùn ń wọ inú rẹ̀. Ìgbẹ́ ọmọ́nílé wà létí ìdérí? Ẹ ti mọ ibi tí inú rírun ti ń wá.
3. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn ha ara táǹkì, igun ìsàlẹ̀, àti abẹ́ ìdérí tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ dúró síta fọ̀ ọ́ bó bá ṣeé ṣe. Bí táǹkì bá tóbi débi pé ẹnìkan ní láti wọ inú rẹ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà, bíliìṣì kò sì gbọdọ̀ tíì wà nínú rẹ̀. Ẹ má rán ọmọdé gun òpó táǹkì.
4. Ẹ tú ẹrẹ̀ dànù, kí ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ọṣẹ ìfọṣọ kò pọn dandan, ìfòfó rẹ̀ kì í tètè kúrò.
5. Ẹ bu omi sínú táǹkì dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ po bíliìṣì mọ́ omi nínú gáràwá, kí ẹ dà á sí i, kí ẹ wá kún táǹkì dé òkè. Fún táǹkì 1000 lítà, bíliìṣì 3.5% máa jẹ́ lítà kan àbọ̀. Bó bá jẹ́ 5%, lítà kan. Táǹkì 500 lítà gba ìdajì, 2000 lítà gba ìlọ́po méjì.
6. Ẹ ṣí páìpù ilé padà. Ẹ lọ sídìí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, ti bálùwẹ̀ àti ti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú, kí ẹ ṣí i títí òórùn bíliìṣì fi máa jáde, kí ẹ sì tì í.
7. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ lẹ ìwé mọ́ gbogbo ẹnu ẹ̀rọ pé "Ẹ MÁ MU Ú", kí ẹ sì fẹnu sọ fún àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn àlejò tí kò lè kàwé.
8. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ má tú u sínú odò ẹja, torí àrọ̀ inú rẹ̀ máa kú. Ẹ má tú u sínú sókàwéè tàbí sí ìdí ẹ̀fọ́. Orí ilẹ̀ gbígbẹ tí kò sí ohun ọ̀gbìn ló dára jù. Ẹ wá kún táǹkì padà pẹ̀lú omi tuntun.

Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu páìpù tí omi ń gbà kún àkúnwọ́sílẹ̀, kí ẹ fi wáyà dì í. Ìdérí tó ti fọ́ kò ṣeé fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ra òmíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ lọ sí ẹnu ẹ̀rọ tó jìnnà jù sí táǹkì. Ẹ jẹ́ kó ṣàn, kí ẹ bu ú sínú ife, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ṣì ń ta èèyàn nímú, ẹ túbọ̀ jẹ́ kó ṣàn. Ìwé ìwọ̀n kiloríìnì kò gbọdọ̀ fi ju 5 mg/L (mílígíráàmù 5 nínú lítà omi kan) hàn kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni kí ẹ máa ṣe é. Lójú tèmi, àsìkò tó dára jù ni kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dá. Bí omíyalé bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má retí oṣù mẹ́fà.

Ìpele 3: Ẹnu ẹ̀rọ

Ẹ wo ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná yín. Bí ẹ bá so àkísà, ìbọ̀sẹ̀ tàbí fóòmù mọ́ ọn kó lè máa sẹ́ ìdọ̀tí, ẹ tú u lónìí. Ó tutù lọ́sàn-án lóru, ìdọ̀tí tó ń mú sì ni oúnjẹ kòkòrò. Bí ẹ bá fi fóòmù kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá, gbogbo omi tí ẹ ń mu ló ń gba inú ìdọ̀tí oṣù kan kọjá. Ẹ yọ rọ́bà gígùn tó ń rọ̀ sínú báàfù ìfọṣọ pẹ̀lú, torí bí omi bá dákẹ́ lójijì, ẹ̀rọ lè fa omi báàfù náà padà sínú páìpù.

Bí omi kò bá ti yọ fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi àkọ́yọ kì í ṣe ti mímu. Ẹ fi fọ ilẹ̀ títí á fi mọ́.

Ìpele 4: Ẹ jẹ́ kí omi mọ́ lójú ná

Omi tó ń ṣe dúdú-dúdú máa ń fi kòkòrò pamọ́ sínú ìdọ̀tí rẹ̀, bíliìṣì kò sì ní rí i pa. Ẹ jẹ́ kó sinmi títí ìdọ̀tí á fi rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun tó nípọn sẹ́ ojú rẹ̀ sínú ohun mímọ́. Álọ́ọ̀mù lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ibí ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣì í: álọ́ọ̀mù ń kó ìdọ̀tí jọ sísàlẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò. Omi álọ́ọ̀mù tó mọ́ bíi dígí kò tíì ṣeé mu.

Bákan náà ni àwọn fílítà gbọọrọ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòhóòlù. Iyanrìn àti èédú inú wọn ń mú ìpẹtà àti òórùn kúrò, kòkòrò sì lè máa gbé nínú èédú náà. Fílítà amọ̀ sàn jù ú lọ, àmọ́ àwọn fáírọ́ọ̀sì kéré débi pé wọ́n lè gba inú rẹ̀ kọjá. Iná UV, ìyẹn gílóòbù onítànṣán tí omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ń pa kòkòrò dáadáa nígbà tí iná mànàmáná bá wà. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, omi á máa kọjá láìsí ohun tó ṣe é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé ife gíláàsì tó kún fómi sórí ìwé ìròyìn. Tí ẹ bá wo inú rẹ̀ láti òkè, kí ẹ lè ka lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀.

Ìpele 5: Ẹ pa kòkòrò

*Bí ẹ bá fẹ́ sè é.* Ẹ jẹ́ kó hó kutukutu, kì í ṣe kó kàn máa rú èéfín, kí ẹ sì jẹ́ kó hó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Ó tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń sè é fún ìṣẹ́jú 20, gáàsì lẹ ń fi ṣòfò. Ibi tó bá ga ju mítà 2000 lọ ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìṣẹ́jú 3, kò sì sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tó ga tó bẹ́ẹ̀. Sísè ló lágbára jù nínú gbogbo ọ̀nà, torí ó ń pa Cryptosporidium, kòkòrò tí kiloríìnì kì í ràn. Ilé tó bá ní ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dínkù, kí wọ́n máa se tirẹ̀.

Ẹ fi í sínú ìkòkò tí ẹ fi sè é, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, títí á fi tutù. Ẹni tó bá bu omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ sí i kó lè tètè tutù ti da iṣẹ́ rẹ̀ nù.

*Bí ẹ bá fẹ́ lo bíliìṣì.* Fún omi tó mọ́ lójú, bíliìṣì 3.5% jẹ́ ẹ̀kán 3 fún lítà kan, ti 5% jẹ́ ẹ̀kán 2. Fún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, ẹ fi síríǹjì fa bíliìṣì 3.5% dé 3.75 ml, ìyẹn díẹ̀ sẹ́yìn àmì 4. Bó bá jẹ́ 5%, ẹ fà á dé 2.5 ml. Bí omi náà kò bá mọ́ dáadáa, tí ẹ kò sì rí ọgbọ́n mìíràn dá sí i, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ dé kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ jì í dáadáa, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹnikẹ́ni tó mu nínú rẹ̀.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n. Ẹ má fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n, torí ìdérí kò dọ́gba. Bíliìṣì tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí tó wà nínú oòrùn lórí àtẹ máa ń rọ, nítorí náà ìgò kékeré tuntun sàn ju gálọ́ọ̀nù ńlá tó ti pẹ́ nílé. Fún ojoojúmọ́, oògùn omi tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an, bíi WaterGuard, ni mo fara mọ́ ju bíliìṣì ìfọṣọ lọ. Ẹ tẹ̀lé ìlànà tó wà lára ìgò rẹ̀.

*Bí kò bá sí gáàsì, tí kò sì sí oògùn.* Ẹ fọ ìgò rọ́bà tó mọ́ gaara, èyí tí kò ju lítà 2 lọ, kí ẹ rọ omi tó mọ́ lójú sí i, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù nínú oòrùn gbígbóná fún wákàtí 6. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ 2 ni. Nígbà òjò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Omi bíliìṣì gbọ́dọ̀ ní òórùn fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Bí kò bá ní òórùn kankan, ẹ fi ìwọ̀n kan náà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 15. Lára ìwé ìwọ̀n, ẹ máa wá 0.5 mg/L ó kéré tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, àti 0.2 mg/L ó kéré tán lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, ẹ má sè é, ẹ má fi bíliìṣì sí i. Kòkòrò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ẹ wá omi mìíràn.

Ìpele 6: Ibi tí omi ń sùn

Ohun èlò ẹlẹ́nu gbàgede ló ń ba iṣẹ́ gbogbo ilé jẹ́, yálà amù ni, yálà dúrọ́ọ̀mù ni. Ọmọdé dé láti ibi eré, ó ti ife bọ omi, ìka rẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ lé e wọlé. Omi tí ẹ fi gáàsì owó iyebíye sè ti di omi ọwọ́. Omi sísè kò sì ní kiloríìnì nínú tó máa bá ìdọ̀tí tuntun jà.

Ẹ lo ike tó ní ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì, ẹ máa dà á síta ni, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ràn omi amù fún títutù rẹ̀, kó wá kọ́ọ̀bù onígi gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í fi mu omi, kó máa gbé e kọ́, kó sì máa dé amù. Lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi bíliìṣì fọ inú ohun ìpamọ́ omi. Kẹ́ẹ̀gì tí ọwọ́ kò wọ̀, ẹ da iyanrìn mímọ́ díẹ̀ sí i pẹ̀lú omi ọṣẹ, kí ẹ jì í, kí ẹ ṣàn án dáadáa.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi ìka nu inú kẹ́ẹ̀gì tàbí ike lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tán. Bó bá ṣì ń yọ̀, ẹ tún un fọ̀.

Ìpele 7: Àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn

Ilé tí kì í mu omi ẹ̀rọ lè máa fi omi ẹ̀rọ mu gààrí. Omi tútù tí ẹ fi rẹ gààrí, tí ẹ fi po àgbo, tí ẹ fi fọ eyín, tí ẹ fi ṣan ewé sàláàdì, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tó ti gba Ìpele 5 kọjá. Yìnyín pẹ̀lú, torí òtútù fíríìsà kì í pa kòkòrò, ó kàn ń mú un sùn ni.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má fún un lómi, bí oòrùn ti wù kó mú tó. Omi wà nínú ọmú. Bó bá jẹ́ mílíìkì inú agolo ló ń mu, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, tí kò tíì tutù ju 70°C lọ, ni kí ẹ fi pò ó, kí ẹ wá jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fún un.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti mú ẹnìkan, ẹ po ORS (ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì) bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, tàbí kí ẹ fúnra yín po omi oníyọ̀ àti ṣúgà: omi tó ti gba Ìpele 5 kọjá lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, bí ojú rẹ̀ bá jìn, tàbí bí kò bá tọ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ máa fún un mu lójú ọ̀nà.

Ìpele 8: Ẹ gbé omi lọ sí lábù

Ẹ gba ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ lọ́wọ́ lábù fúnra wọn, ẹ má lo ìgò míníràlì. Bí omi bá ní kiloríìnì nínú, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ohun tó ń pa agbára rẹ̀ sínú ìgò náà. Ẹ fi sípírítì nu ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ẹ bu ú láìfi ọwọ́ kan ẹnu ìgò. Ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kó sì dé lábù kí wákàtí 6 tó pé. Ẹ ní kí wọ́n ka kólífọ́ọ̀mù àti E. coli fún yín, ìyẹn àwọn kòkòrò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìdọ̀tí tàbí ìgbẹ́ ti wọnú omi. Nínú omi mímu 100 ml, òdo ni E. coli gbọ́dọ̀ jẹ́.

Bí agbára bá gbé e, ìgò mẹ́ta ni kí ẹ gbé lọ: ọ̀kan láti ẹnu bóòhóòlù kó tó dé táǹkì, ọ̀kan láti ẹ̀rọ ilé ìdáná, ọ̀kan láti inú ike tí ẹ ti ń mu. Bí ti bóòhóòlù bá ní E. coli, ẹ padà sí Ìpele 1. Bí ti bóòhóòlù bá mọ́, tí ti ilé ìdáná kò mọ́, táǹkì tàbí páìpù ni. Bí méjèèjì bá mọ́, tí ti inú ike wá ní in, ẹ má náwó sórí fílítà tuntun. Ẹ lọ wo ike náà, ife tó wà lórí rẹ̀, àti ọwọ́ àwọn tó ń bu omi.